Ọkọ̀ Ìjàpá: Ìtàn Àwọn Ọkọ̀ Jámánì Àtijọ́ àti Àwọn Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Kú ní Ìkẹjà àti Agége

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1901, oríṣiríṣi ohun ìrìnnà ni ó ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, olúkúlùkù wọn ni ó sì gba orúkọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bọ̀lẹ̀kájà gba tirẹ̀ nínú ìjà àwọn tí ń wọ̀ ọ́. Ayọ́kẹ́lẹ́ gba tirẹ̀ nínú bí ó ti ń yọ́ lọ láìpariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé inú àlọ́ ni a ti mú orúkọ rẹ̀ wá. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan dé láti Jámánì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí imú rẹ̀ dà wálẹ̀, tí ó dàbí ẹni tí ó ru ilé rẹ̀ kiri, àwọn ènìyàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ̀ pé ọkọ Yánníbo ni. Àwọn tí ó ṣe é pè é ní Fọ́kísíwágìn. Àwọn tí ó rí i ní ojú pópó pè é ní Ìjàpá.

Ní ọdún 1978 ni wọ́n dẹ́kun ṣíṣe Ìjàpá onílé ní ilẹ̀ Jámánì pátápátá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rìn ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége yóò ṣì máa kan ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí a kùn ní ọ̀dà tuntun, tí ohùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bi ara rẹ̀ ni pé, ta ni ó pa á mọ́ di òní? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn kíá pé àwọn olówó tí ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fàájì ni. Ìdáhùn náà kò kún tó.

Ìtàn ọkọ̀ yìí ní ilé rẹ̀ kò dùn tó àlọ́ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Hitler ni ó pàṣẹ pé kí Ferdinand Porsche ya ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà, wọ́n sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ náà lélẹ̀ ní ọdún 1938, ní ibi tí à ń pè ní Wolfsburg lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì tí ó tó 336,000 ni ó ń dá owó díẹ̀díẹ̀ láti gba ọkọ̀ náà. Ogun dé, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó gba ọkọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1945, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, ni ó jí ilé iṣẹ́ tí bọ́ǹbù ti bà jẹ́ dìde. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn kálẹ̀ ayé. Ní oṣù kejì ọdún 1972, iye rẹ̀ ré kọjá 15,007,033, ó sì borí ọkọ̀ Ford Model T tí ó ti wà lókè láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlú Puebla ní Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21,529,464.

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Mandilas ní Èkó ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ títa ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba àti ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni wọ́n ń rà á, nítorí pé ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó ọkọ̀, owó tí wọ́n sì ń yá wọn kò ju ohun tí ó lè gbé Ìjàpá lọ. Ẹni tí ó ní Mẹ̀sídíìsì, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀, bọ̀gìnnì ni. Ẹni tí ó ní Ìjàpá, ọ̀mọ̀wé ni. Orílẹ̀-èdè kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó pọ̀ níbi àríyá.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ó mú kí àwọn mẹkáníìkì wa gé ọkọ̀ Jámánì kí wọ́n sì tún un tò kì í ṣe ti eré rárá. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa láti máa wakọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni apá ọ̀tún ni àwọn ará Dahomey, Niger, Chad àti Cameroon tí wọ́n yí wa ká ń gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ọkọ̀ tí a ti rà ṣáájú wá di èyí tí awakọ̀ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, tí kò lè rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú bí ó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Àwọn kan fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pé kí ó gbé síárìn láti ọ̀tún wá sí òsì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò rò pé yíyí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹsẹ̀ ìtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kúrò, wáyà kílọ́ọ̀ṣì yóò gba ọ̀nà mìíràn, a óò gé dáṣíbọ́ọ̀dù, a óò jó o padà, ọ̀pá tí ń yí táyà yóò sì yí ìhà padà. Bí ìwọ̀n bá yẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí táyà yóò fi jẹ tán. Nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti mọ egungun Fọ́kísíwágìn bí ẹni mọ egungun ẹran ọdún.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì ń ti Jámánì àti Brazil wá nínú àpótí. Ọdún náà gan-an ni owó Údójì bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì san gbèsè oṣù púpọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kejìlá wa Ìjàpá padà wá sí i lẹ́yìn ọdún tuntun. Ìyẹn ni àwọn àgbà olùkọ́ ṣì fi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ́ to Passat pẹ̀lú, ó to Audi 100, ó sì to ọkọ̀ kan tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília, tí wọ́n ń tà níhìn-ín ní orúkọ Igala. Etí Yorùbá gbọ́ orúkọ yìí bí ìgalà inú igbó, eléré ìje. Báyìí ni ìjàpá àti ìgalà tún ṣe pàdé nínú ọgbà kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú àlọ́. Bí ó sì ti máa ń rí nínú àlọ́ náà ni ó rí, nítorí àwọn ènìyàn gbàgbé ìgalà, wọn kò gbàgbé ìjàpá.

Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti ń tò ó, ṣùgbọ́n agbègbè Ìkẹjà àti Agége wà lára ibi tí a ti ń mú un wà láàyè. Ìdí kan wà fún èyí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá àgbègbè ilé iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Dunlop ń ṣe táyà ní òpópónà Ọba Akran láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ilé ọtí, ilé aṣọ, ilé oògùn àti ilé ike yí i ká. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí nílò ẹni tí ó mọ irin: ẹni tí ó lè lo ẹ̀rọ léèdì, ẹni tí ó lè jó irin pọ̀, ẹni tí ó lè fi ojú wọn ìdajì mílímítà. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ń gbé ní Agége, níbi tí owó ilé kò ti wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ tí ó ti lọ irin fún òyìnbó ní ọ̀sán ń lọ irin fún ara rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ̀yà kan bá ti tán lọ́jà, ẹnì kan wà ní ọ̀nà Agége tí yóò gbẹ́ ẹ láti ara irin gbọọrọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá yìí kò ka ìwé ìtọ́jú Fọ́kísíwágìn rí, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Wọn kò sì dá wà. Mẹkáníìkì, rẹwáyà, pánẹ́bítà, apọ̀dàkùnkọ̀ àti fọ́kánáísà, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀ nínú ọgbà kan náà, olúkúlùkù ní ọmọṣẹ́ tí ó ń lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gba ìdásílẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bọ Ògún. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú wọn a sì máa dá sí oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé irin ni gbogbo wọn ń jẹ.

Kí ni ó wà nínú ọkọ̀ náà tí ó fi gba ìtọ́jú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú sì ni a ń di ẹrù sí. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì kọjú sí ọ̀tún, méjì kọjú sí òsì, wọ́n dùbúlẹ̀ bí ènìyàn mẹ́rin lórí ẹní kan. Kò ní rédíétọ̀. Kò mu omi. Fáànù kan ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó sì ń yí fáànù náà àti dáínámò pọ̀. Nítorí náà ni iná pupa bátìrì fi jẹ́ ohun ẹ̀rù fún ẹni tí ó mọ Ìjàpá: bí ó bá tàn, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já, bí a kò bá sì dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò jóná. Ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà, níbi tí ọkọ̀ olómi ti ń hó bí ìkòkò, a máa ń rí Ìjàpá tí ó ń rọra kọjá lára wọn. Bóòtù mẹ́rin ni ó so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ lè sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan pẹ̀lú jáàkì àti súpáná.

Sìlíńdà kẹta ni ó ń fa àròyé. Nínú àwọn ti àtijọ́, ohun èlò tí ń mú kí ọ́ìlì tutù dúró ní ọ̀nà atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó kan sìlíńdà yìí, nítorí náà a máa gbóná ju àwọn yòókù lọ, fáàfù rẹ̀ a sì máa kọ́kọ́ jóná. Láti nǹkan bí ọdún 1971 ni àwọn ará Jámánì ti gbé ohun èlò náà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Agége ti mọ àrùn yìí láti inú ìrora oníbàárà. Wọ́n a ṣí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó tutù, wọn a wọn àlàfo fáàfù, èyí tí ó jẹ́ 0.15 mílímítà nínú púpọ̀ wọn, wọn a sì tún un wọ̀n ní gbogbo nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Bí wọ́n ṣe gbọ́n tó náà ni wọ́n ní àṣìṣe tiwọn. Àwọn páànù pẹlẹbẹ tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká ń dí ọ̀nà kí atẹ́gùn gbígbóná má baà padà wọlé. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wò wọ́n bí ẹrù tí òyìnbó kàn dì mọ́ ọkọ̀ lásán, wọ́n sì jù wọ́n nù. Ẹ́ńjìnnì tí ì bá pẹ́ ọdún mẹ́wàá kò wá pé mẹ́ta. Lónìí, ẹni tí ń tún Ìjàpá ṣe yóò wá àwọn páànù yìí kiri bí ẹni ń wá ilẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ọ̀wọ́n gógó ni ó sọ ìtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ di ìmọ̀ gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Ṣàgàrí ṣe òfin tí ó dín ohun tí a ń kó wọlé láti òkèèrè kù, nítorí owó epo ti já. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Bàbáńgídá ṣí ọjà tuntun fún pípàṣípààrọ̀ owó. Náírà 1 tí ó ju dọ́là 1 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985 wá di pé a ń fi ohun tí ó ju náírà 3 lọ ra dọ́là kan kí ọdún 1986 tó parí. Àpótí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ń lọ sí Ọ̀jọ́ kò rọrùn láti rà mọ́. Ní àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ náà ti di ibi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọ́n ń tò. Olùkọ́ tí ó ra Ìjàpá pẹ̀lú owó Údójì kò lè ra òmíràn. Ó ní láti tún èyí tí ó wà lọ́wọ́ ṣe, ní ọdọọdún, fún ogún ọdún. Ẹ̀bùn tí ìyà fún wa ni pé a mọ bí a ti ń tún nǹkan ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí yin ìyà.

Ìgbà náà ni tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti Kútọnu, ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò gbó. Mẹ̀sídíìsì onírúurú bá wọn wá, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1975 sí 1986, tí Jámánì ṣe tó mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ó lé, tí wọ́n sì mọ̀ kárí Áfíríkà pé kì í tètè kú. Àwọn bọ̀gìnnì àná wá di ọkọ̀ tí akọ̀wé lè rà. Ọjà Ládìípọ̀ ní Múṣin ní tòsí wọn sì kún fún ẹ̀yà ara wọn, tí a tú láti ara òkú ọkọ̀.

Àwọn tí ó ń tọ́jú ọkọ̀ wọ̀nyí fún ìfẹ́ inú lónìí, ọmọ ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọkọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń wá. Ẹnì kan yóò rí Ìjàpá lábẹ́ igi mángòrò, koríko ti gba ihò fìtílà rẹ̀ jáde, yóò san owó, yóò sì gbé e lọ sí Agége. Ohun àkọ́kọ́ tí pánẹ́bítà yóò wò ni ilẹ̀ abẹ́ àga ẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni bátìrì ń jókòó sí, tí omi rẹ̀ sì ń jẹ irin. A óò gé èyí tí ó ti jẹ kúrò, a óò fi irin tuntun dí i. Àlọ́ sọ pé Ìjàpá já bọ́ láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò ó pọ̀ padà. Ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́ yóò mọ ohun tí àlọ́ náà ń wí. Ohun tí kò sí ní Ládìípọ̀, wọn a rà á láti Brazil, Mexico tàbí Jámánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà mìíràn ní owó tí ó ju iye tí wọ́n ra ọkọ̀ gan-an lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àríyànjiyàn ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a dá a padà sí bí ó ti ti Ọ̀jọ́ jáde, títí dé orí ọ̀dà. Àwọn mìíràn yọ ẹ́ńjìnnì 1200 tàbí 1300, wọ́n fi 1600 sí i. Wọ́n sọ bátìrì fóltì 6 di 12. Wọ́n fi bíréèkì onídíìsìkì sí iwájú. Wọ́n sì so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn, ohun tí yóò ya àwọn bàbá wọn lẹ́nu púpọ̀. Ní ọdún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ: ó fi páànù tí ń gba agbára oòrùn sí orí Ìjàpá kan, ó fi ẹ̀rọ tí ń gba agbára afẹ́fẹ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bátìrì sì wá ń wà á. Púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ jẹ́ àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un.

Àwọn tí ń ṣọ́ ojúlówó ní àwíjàre. Ọkọ̀ Mẹ̀sídíìsì dúdú tí wọ́n pa ọ̀gágun Murtala Muhammed sí nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ihò ọta sì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a tún un kùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a kò gbọdọ̀ tún ṣe ti di ẹ̀rí, kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Ìjàpá ti Agége kò fìgbà kan jẹ́ ojúlówó lẹ́yìn ọdún 1972 tí wọ́n gbé síárìn rẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà sí bí ó ti rí, èwo nínú bí ó ti rí ni wọn yóò mú? Ó dàbí ẹni pé àtúnṣe gan-an ni ìtàn rẹ̀, àti pé ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Agége yẹ kí ó hàn, kí a má bò ó mọ́lẹ̀.

Ewu tí ó wà lórí iṣẹ́ yìí kò ti inú àríyànjiyàn wọn wá. Dunlop pa ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Ìkẹjà dé ní ọdún 2008, púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó kọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbàlódé wọ̀nyí ti di gbọ̀ngàn àríyá, ilé ìjọsìn tàbí ibi ìkẹ́rùsí. Ọmọṣẹ́ tí ó bá wá kọ́ṣẹ́ nísinsìnyí, Toyota ni ó fẹ́ mọ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí a ń tì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti béèrè àìsàn ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi, nítorí Toyota ni yóò bọ́ ọ. Ọ̀gá tí ó lè fi etí gbọ́ ìró sìlíńdà kẹta ti ń darúgbó, kò sì kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀, àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn gba àwọn àdúgbò Agége kọjá, wọ́n ń kígbe pé kí ẹni tí ó bá ní irin àlòkù mú un wá. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń rà á. Ní Ìkẹjà àti ní Ìkòròdú ni iná àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin náà wà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́ ilé. Bí olùkọ́ tí ó fi owó Údójì ra ọkọ̀ bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gba àyè iwájú ilé, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ni yóò gbé Ìjàpá náà: bóyá ẹni tí ń wá páànù ẹ́ńjìnnì ni, bóyá ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́.